Òkúta Ràmọ́nì Ahunṣọ

Àbímọ́ ni agídí Ṣìfáwù. Ní ọdún 1973, nígbà tí Ràmọ́nì bàbá rẹ̀ àti àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ hun aṣọ ìyàwó ní Kétu, ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì, ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ti wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó kírun àárọ̀ tán. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ta ni yóò wá máa bá wọn ká òwú?

Ní Kétu, wọ́n to ọ̀fì sábẹ́ igi, wọ́n na òwú lọ jìnnà síwájú, wọ́n so ó mọ́ pákó nílẹ̀. Ó wá ku òkúta tí wọ́n máa gbé lé pákó kí òwú lè le. Òkúta dà? Yẹ̀pẹ̀ pupa lásán ló kún ibẹ̀. Ta ni í ru òkúta kúrò ní Ìsẹ́yìn, níbi tí àpáta ti ń dí èèyàn lọ́nà?

Ibi tí wọ́n ti ń dá ara wọn lẹ́bi ni Ṣìfáwù ti lọ jókòó sórí pákó bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa hun ún."

Ràmọ́nì bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i ló ń fa ọmọ rẹ̀ sún mọ́ra, títí ẹsẹ̀ wọn fi kanra. Kíá, àwọn ọmọ Kétu ti ń du pákó àwọn ahunṣọ yòókù.

Lọ́dún kejì, oníkálukú ru òkúta wá sídìí ọkọ̀. Wọ́n bi Ràmọ́nì pé tirẹ̀ ńkọ́.

"Tèmi ti jókòó sínú ọkọ̀ láti ìdájí."