Ọpẹ́ Ainara

Ìyá Deolinda ni ògbufọ̀ ilé ìwòsàn wa ní ìlú Yuty. Àwọn dókítà tó ń ti òkèèrè wá kò gbọ́ Guaraní, èdè ìbílẹ̀ wa, àwọn arúgbó wa kò sì gbọ́ èdè Sípéènì. Bí bàbá kan bá ní inú òun bàjẹ́, dókítà á ti máa wá oògùn ìgbẹ́ gbuuru.

"Ẹ fi ikùn bàbá sílẹ̀ jàre," ni ìyá á wí. "Ìyàwó wọn ló kú."

Gbogbo wa là ń yá ẹnu rẹ̀ lò. Bí iṣẹ́ bá parí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, ìyá á sì dá jókòó. Ìtòsí rẹ̀ ni mo ń gbé, ó máa ń dùn mí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú sí Sípéènì. Ainara, ọmọ ọmọ náà, tó dàgbà sọ́hùn-ún, nìkan ló kù.

Lọ́dún tó kọjá, Ainara wá wò ó bóyá òun á lè máa bá ìyá gbé. Ìyá kun yàrá, inú rẹ̀ dùn bí ọjọ́ ọdún. Èdè Sípéènì kò sì ṣòro fún ìyá, àwọn méjèèjì á gbọ́ra wọn yé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ń bu tereré fún wa lábẹ́ igi máńgòrò: omi tútù eléwé nínú ìwo màlúù kan, ọ̀pá ìfàmu kan fún gbogbo wa. Ẹni tó bá mu tán á dá ìwo padà láìsọ nǹkan kan. Ainara mu tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Ìyá àgbà."

Níbí, ẹni tó bá dúpẹ́ ń sọ pé ó tó, òun ò mu mọ́. Nígbà tí ìwo tún yí dé, ìyá fò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kẹta, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ń wo ìwo bó ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀, ìyá ń wo ọmọ tó ń kọ omi ọwọ́ òun. Èmi òmùgọ̀ rò pé fáàrí lọmọ ń ṣe.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, Ainara di ẹrù rẹ̀. Ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti fi ìwọ̀nba Sípéènì ẹnu mi bi í léèrè.

"Kí ni ìyá fi ṣe ọ́?"

"Wọn ò fẹ́ràn mi. Gbogbo yín lẹ̀ ń mu, èmi nìkan ni wọ́n ń fò."

"Ṣebí ìwọ lo dúpẹ́!"

"Ṣé kí n má dúpẹ́ ni?"

Kí n tó là á yé e, bọ́ọ̀sì ti gbéra. Kò tíì padà wá di òní.

Mo lọ sọ fún ìyá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ inú ń bí mi.

"Ìyá, dókítà wo ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ kìlọ̀ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yìí fún? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Ainara?"

"Zunilda, àlejò ni mo ń sọ ọ́ fún," ló wí. "Ọmọ mi lèyí."