Fìlà Tí Mo Rán Nígbà Tí Ìtọ̀ Ń Dà Lára Mi

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí mo bímọ, bí mo ṣe dìde lórí ibùsùn ni omi gbígbóná ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ìtọ̀ ni. Mo pa ẹsẹ̀ pọ̀, kò dá.

Ọmọ náà kò yè. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rọbí ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ní Sábọ́n Gàrí.

"Fúnkẹ́, jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sí ọsibítù," Báyọ̀ ọkọ mi bẹ̀ mí.

"Ìgbàgbọ́ yín ló kéré." Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ṣàlàyé pé orí ọmọ ti pẹ́ jù lórí ẹran tó wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ẹran náà kú, ó sì lu. Ihò yẹn ni ìtọ̀ ń gbà jáde tọ̀sán-tòru. Wọ́n lè rán an, àmọ́ ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná, ó tó oṣù mẹ́ta.

Akọrin ni mí, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Báyọ̀ kò sá fún mi o. Èmi ni mo kó ẹní mi lọ sí yàrá kejì.

Nígbà tí mo padà sí ọsibítù, mo bá àwọn obìnrin mìíràn tí irú rẹ̀ ń ṣe lórí ẹní. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: wọ́n rí mi lára. Mo lọ dúró lọ́tọ̀, bíi pé èmi ò rùn. Obìnrin Hausa kan, Làmí, tó ń fi òwú ṣe ọnà sára fìlà, fọwọ́ lu ẹní.

"Zo ki zauna." Ó ní kí n wá jókòó.

Mo fi Hausa dá a lóhùn pé aṣọ mi tutù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tiwa ńkọ́?"

Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ àti fìlà funfun kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú ohun tí mo rán. Nígbà tó yá, mo fi pẹ́ńsù ya ewé dongoyárò sí i, ọnà tèmi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, àwọ̀ òwú ni mo ń rò. Mo di àkísà mẹ́ta mọ́dìí, mo rìn lọ sí ọjà ra òwú, lẹ́yìn oṣù méjì tí n kò yọjú síbòmíràn àfi ọsibítù.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n gún mi lẹ́yìn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ ká mọ ìrora, n kò mọ ìgbà tí wọ́n rán ihò náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni rọ́bà fi ń fa ìtọ̀ mi. Ó ń ta mí bí ata. Wọ́n yọ ọ́, mo dìde, mo dúró. Aṣọ mi gbẹ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Làmí náà, àmọ́ tirẹ̀ kò mú. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde láì dágbére, torí n kò lè wo ojú rẹ̀.

Oṣù kan gbáko ni mo fi bo ohun tí mo ṣe yìí mọ́ra kí n tó jẹ́wọ́ fún Báyọ̀. "Lọ kí i," ló sọ. Mo gbé fìlà tí n kò tíì parí dání, mo lọ bá a ní ọsibítù. Làmí kò bi mí níbi tí mo wà. Ó wo iṣẹ́ mi.

"Ewé yìí wọ́," ó ní, ó sì sún fún mi.

Mo dúpẹ́ fún ara tó gbẹ, àti fún ọwọ́ tó rí nǹkan ṣe nígbà tí ìyókù ara kọ̀ fún mi. Ojú ṣì ń tì mí. Làmí ń retí iṣẹ́ abẹ kẹta báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo ń lọ bá a rán fìlà.