Ìyá Ròdíyátù Wọ Kíláàsì Èdè Ṣáínà

Ọ̀rọ̀ tí Ròdíyátù sọ lọ́jọ́ náà, kó lè pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́ ló ṣe sọ ọ́. Kò mọ̀ pé ìyá yóò gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà ti yege ìdánwò báàkì tí wọ́n fi ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà á, ó wá ku èdè òkèèrè kan tí yóò fi kún Faransé kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó iṣẹ́ gidi lọ́la. Ó ní èdè Jámánì lòun fẹ́, nítorí àwọn tó ṣáájú òun ti ń rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Tàjùdíìnì, tó ń ṣẹ́ owó lẹ́nubodè ní Kodjoviakopé, ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó kọ́. Ṣebí béèyàn bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ sí Aflao ní òdìkejì ẹnubodè, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ìyá rẹ̀, Fàòsíyà, kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ju èdè Ṣáínà lọ.

"Gbogbo ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, Ṣáínà ló ti wá," ó ní. "Ẹni tó bá gbọ́ èdè wọn, ebi ò ní pa á."

Ròdíyátù pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. "Màmá, ṣọ́ọ̀bù yín ni. Bó bá jẹ́ tìtorí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ kọ́ ọ."

Fàòsíyà kó àwọn abọ́ tó wà nílẹ̀, ó lọ fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọlé sùn.

Kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ohun tó bá le. Sakété ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ìwé kẹfà ló kà kó tó fẹ́ Fàsásì, tí àwọn méjèèjì sì kó wá sí Lomé. Fàsásì ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní ọjà Gbossimé. Nígbà tó kú ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn ẹbí ní kí opó rẹ̀ ta ṣọ́ọ̀bù náà, kó wá nǹkan obìnrin tà. Kò tà á. Ó jókòó ti àwọn mẹkáníìkì títí ó fi lè dijú fọwọ́ pa písítìnì kan, kó sì sọ irú alùpùpù tó ni ín. Àwọn onízémí tó ń fi alùpùpù kérò a máa kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: kò lè bá àwọn tó ń ṣe ọjà náà sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí àwọn tó ń kó o wọlé bá gbé wá, ìyẹn náà ni yóò tà, ì báà dára, ì báà má dára.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó gba ilé-ẹ̀kọ́ èdè kan lọ. Omidan tó ń forúkọ sílẹ̀, Chantal, fi Faransé kí i, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bọ́njúù, Màmá. Ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Jámánì ló ní òun ó kọ́. Orúkọ tèmi ni kó o kọ."

Chantal wò ó, ó tún wo fọ́ọ̀mù. "Èdè wo ni, Màmá?"

"Ti Ṣáínà." Fàòsíyà fa àga, ó jókòó. "Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo jẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀, má dín in."

Àwọn tó bá ní kíláàsì, kò sí èyí tí kò lè bí nínú wọn. Olùkọ́ wọn ni Gildas, ọmọ Ifẹ̀ láti ìlú Atakpamé, tí èdè rẹ̀ sún mọ́ ti Fàòsíyà, tó sì ti lo ọdún mẹ́fà ní Ṣáínà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó. Bí ohùn bá wà nísàlẹ̀, "màì", rírà ni. Bó bá ti òkè já wálẹ̀, "máì", títà ni. Ó ní kí wọ́n máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà lọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Èdè Mina tí wọ́n ń sọ nílé náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti rí pátákó, etí Faransé ni wọ́n ń fi gbọ́ nǹkan. Nígbà tó kan Fàòsíyà, ó pe méjèèjì geere.

Gildas fi èdè Ifẹ̀ bi í léèrè pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ?"

"Ṣé kì í ṣe bí ọkọ àti ọkọ̀ náà ni? Bí mo bá dé ọjà tí mo ní mo fẹ́ ra ọkọ, ṣé wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín?"

Gildas rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti pátákó. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ kí kíláàsì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń dún, Fàòsíyà ló ń ní kó pè é.

Kíkọ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, márùn-ún ló gbà nínú ogún, òun ló sì gbẹ́yìn. Ó ká ìwé náà, kò sì lọ sí kíláàsì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ròdíyátù ló bá ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sọ pé òun rí i. Ó gbé ìwé tirẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá rẹ̀.

"Èmi náà rèé, Màmá. Méje ni mo gbà nínú Jámánì."

Bí tìyá-tọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí tábìlì kan náà nìyẹn, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Fàòsíyà gé orí páálí ọjà tí wọ́n kọ èdè Ṣáínà sí, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, kí ojú rẹ̀ lè máa bá orúkọ písítìnì, ṣéènì àti bírékì pàdé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kọ́lá, ọmọ Nàìjíríà tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bi í bóyá ará Ṣáínà ló fẹ́ fẹ́.

Ní ọdún kejì, obìnrin ẹnjiníà kan láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà alùpùpù ní Ṣáínà wá sí Lomé, ó sì pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù Gbossimé jọ sí gbọ̀ngàn kan. Ògbufọ̀ tó mú wá gbọ́ èdè Ṣáínà dáadáa, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí. Kọ́lá dìde, ó ní bírékì tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ kì í lò ju oṣù kan lọ. Ògbufọ̀ náà yí i sí rọ́bà ẹsẹ̀ alùpùpù, ni obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé táyà lọ rẹrẹ.

Fàòsíyà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àfi òun. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ ní èdè Ṣáínà, "kì í ṣe táyà. Bírékì ni. Iyanrìn ojú ọ̀nà wa ló ń jẹ ẹ́."

Obìnrin ará Ṣáínà náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó wá jókòó sí iwájú rẹ̀. Ọ̀nà wo ni? Irú iyanrìn wo? Èrò mélòó ni alùpùpù kan ń gbé? Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́n Fàòsíyà, ó ń fọwọ́ júwe rẹ̀. Ó tó wákàtí kan tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ohùn Kọ́lá dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Ròdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í nípa ṣéènì."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bírékì mìíràn dé, èyí tí iyanrìn kò tètè jẹ. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá ní Gbossimé ló ń gba ẹnu Fàòsíyà bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Tàjùdíìnì kì í ṣẹ́ owó fún ará Ṣáínà kan lẹ́nubodè mọ́ láìsọ fún un pé àbúrò òun gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Ròdíyátù ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ọsibítù tí yóò ti lọ kọ́ṣẹ́. Ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ ìyá.

"Màmá, kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó kọ oníṣòwò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ògbufọ̀ èdè Ṣáínà. Fàòsíyà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ó sì kà á sókè, ó tún un kà.