Ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́ Kò Mọ̀ Pé Ọkọ̀ Ti Tán

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbé Màmá mi sórí kárìà kẹ̀kẹ́ mi ní Ọ̀mù-Àrán. Ẹ̀sìẹ́ là ń lọ. Dókítà ojú tó ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kì í dúró dọ̀sán, ojú Màmá sì ti ń ṣú. Láyé tí epo kò tíì wọ́n, ilé mẹ́ta ládùúgbò wa ló ní ọkọ̀. Ní báyìí, adìẹ ló ń yé sínú méjì, ẹ̀kẹta wà lórí búlọ́ọ̀kù. Tí takisí bá tilẹ̀ rí epo rà, owó ìjókòó ẹnì kan á ra iṣu ọ̀sẹ̀ kan.

Títí a fi dé Òrò, ọkọ̀ kan péré ló kọjá wa. Oníkẹ̀kẹ́ kò lóǹkà: tíṣà, àgbẹ̀ tó di iṣu, abiyamọ. Síbẹ̀, ibùdókọ̀ ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa fẹ́ fi owó tí a dá kọ́. Ọkọ̀ wo? Etí ọ̀dà ojú títì ti fọ́. Iyanrìn àti ihò ló kù fún oníkẹ̀kẹ́.

"Màmá, ẹ dì mí mú o."

"Ojú mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí mi ń ka ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Lẹ́yìn Òrò, a pàdé Bàbá Ṣèyí, alága ẹgbẹ́ náà, tó jókòó lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dírẹ́bà rẹ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Bó ṣe rí Màmá, ó fò sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dírẹ́bà mì, kò sí etí ọ̀nà tó lè yà sí, ó kọlu tiwa. Rímù iwájú wa ká kò.

"Bàbá Ṣèyí, ọkọ̀ ẹ ńkọ́?" Màmá fi ohùn dá a mọ̀.

"Epo ò sí, Màmá."

"Ẹ wá ń kọ́lé fún ohun tí ò sí?"

"Ọkọ̀ á padà, Màmá. Kẹ̀kẹ́, ti tálákà ni."

"Ìwọ tálákà, dìde, iyanrìn á ti wà ní irùngbọ̀n ẹ."

Dírẹ́bà yíjú síbòmíràn, ó ń rẹ́rìn-ín.

A fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, Màmá di ẹ̀wù mi mú. Nọ́ọ̀sì ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí a dé. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Dókítà ti lọ. Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Atúnkẹ̀kẹ́ kan na rímù náà díẹ̀, a sì délé ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀wọ́n epo kọ́ ló jẹ́ ká pàdánù dókítà. Aráàlú ti wá ọgbọ́n dá sí ìyẹn: kẹ̀kẹ́. Àwọn tó di àpò owó mú ni kò wo ohun tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Kí wọ́n fi owó ibùdókọ̀ da ọ̀dà sí etí ọ̀nà, kí kẹ̀kẹ́ méjì lè pàdé láì kọlu ara wọn.

Màmá bèèrè bóyá ọ̀nà kan náà la ó gbà lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ká tètè jáde nígbà náà," ló wí, "nígbà tí mo ṣì ń rí òjìji rẹ."