Màmá Agbẹ̀bí Fẹ́ Fún Ọmọ Ní Nọ́ńbà

Lónìí ní Mówó, màmá agbẹ̀bí kan bá kọ̀ǹpútà jà nítorí ọmọ tuntun.

Èmi ni mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ máa fi forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ètò náà kọ̀, kò gba orúkọ ọmọ àkọ́kọ́, torí màmá ń tẹ nọ́ńbà sí i, ìyá ọmọ sì ń kánjú àtilọ sí Sẹ̀mẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ má tẹ nọ́ńbà sí i. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fún ọmọ ní nọ́ńbà."

"Ṣé òun ló gbẹ̀bí ni?"

Mo bá yọ àyè nọ́ńbà kúrò. Orúkọ wọlé, àmọ́ nọ́ńbà kẹrin ló gbà, torí mo ti fi orúkọ mẹ́ta dán an wò, mo sì ti pa wọ́n rẹ́.

Màmá bi mí pé, "Àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù dà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ fún wọn?