Bátìrì Tí Bàbá Mi Ń Sá Sóòrùn

Láyé ìjọba ológun, tí bátìrì wọ́n bí ojú, mo ń kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìròyìn. Mo wá ṣe ìwádìí nílé, l'Ẹdẹ, lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbọ́ rédíò. Bàbá mi máa ń sá bátìrì tiwọn sóòrùn kó lè tún lágbára díẹ̀. Ìkéde òkú nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Bí ìròyìn ìjọba bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pa rédíò.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

“Ta ló máa dúró parọ́ pé bàbá òun kú?”

Mo kọ ọ́ sínú ìwádìí mi. Olùkọ́ mi fagi lé e, ó ní ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Nígbà tí Bàbá kú, èmi ni mo kọ ìkéde wọn fún rédíò. Kílẹ̀ tó ṣú, ilé wa ti kún. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá òótọ́ ni.