Balùwẹ̀ Tí Ọkọ Mi Tẹ́ fún Ìyá Mi

Ẹ-jẹ́-n-ṣe-é ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi, orúkọ náà sì bá a mu. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe o. Àmọ́ bí àga bá yẹ̀, "Ẹ jẹ́ n ṣe é." Bí páìpù bá ń jò, "Ẹ jẹ́ n ṣe é." Á ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ẹni ṣe. Ilẹ̀kùn kan wà nílé wa tó jẹ́ pé ìgbà tó tún un ṣe tán ni kò ṣeé tì mọ́, òkúta la fi ń tì í dòní. Mi ò kì í bá a jà sí i. Ó ṣáà sàn ju ọ̀lẹ lọ.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá mi láàmú, a ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó máa gbà, ó ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ fúnra mi ni màá máa wẹ̀ o. Ọjọ́ tí mi ò bá lè dá wẹ̀ nílé yín, ilé mi ni mò ń lọ." Mo mọ ìyá mi. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn.

Balùwẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tá a fẹ́ fún un kò dára. Ilẹ̀ rẹ̀ ti sán, ara ògiri ti ń ṣí. Bíríkìlà tó ń gbé nítòsí wa ní òun á bá wa ṣe é. Ọkọ mi ní, "Balùwẹ̀ ìyá ìyàwó mi? Ẹ jẹ́ n ṣe é."

Kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó rẹ́ ògiri, téèpù tó fi ń wọn àyà oníbàárà ló fi wọn ilẹ̀ balùwẹ̀. Bíríkìlà yọjú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ síhà ihò omi." Ọkọ mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ìlà aláwọ̀ ewé kan wà létí táìlì tó rà fún ilẹ̀ àti ògiri, bí ilẹ̀ bá sì rẹlẹ̀ síbẹ̀, ìlà yẹn ò ní bá ti ara ògiri mu. Ó ní, "Èmi kì í rán aṣọ tí ojú rẹ̀ wọ́." Ló bá fi sìmẹ́ǹtì gbé ìhà ihò sókè títí ìlà fi pàdé ìlà. Bíríkìlà bá tiẹ̀ lọ.

Ó dára lójú lóòótọ́. Ìyá mi dé, ó fọwọ́ pa ògiri, ó súre títí. Kò sí ẹni tó wá kí i tí kò mú lọ wo balùwẹ̀. "Àna mi ló tẹ́ ẹ fún mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ ẹ." Ọkọ mi á máa gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, orí rẹ̀ á máa wú.

Ohun kan ṣoṣo ni ò yé mi. Ìyá mi ń pẹ́ jù ní balùwẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín lẹ fẹ́ dà ni?" Á rẹ́rìn-ín. Etí ìró rẹ̀ á sì máa kán tótó. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi rán kọ́tìnnì fún yàrá rẹ̀, ó ní kí n wá bá òun gbé e kọ́. A kanlẹ̀kùn, a ò gbọ́ nǹkan kan, a wọlé. Ìyá mi ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Orí orúnkún tó ń dùn ún yẹn náà ni. Ó ń fi àkísà gbá omi lọ síhà ihò, omi ń padà wá bá a, ó tún ń gbá a lọ.

Ó gbójú sókè, ó rí ọkọ mi, jìnnìjìnnì bò ó bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Ẹ má bínú, àna mi. Èmi ni mo da omi nù. Ọwọ́ àgbà ni. Màá nù ún tán báyìí."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sí i. Ìyá tó bí mi, nínú ilé mi, ló ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀, èmi sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, a tẹ́ lọ́jọ́ náà.  Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi. Omi náà gba abẹ́ àyà rẹ̀ kọjá, ó ń bọ̀ ní yàrá, òun náà sì ń wò ó. "Ẹ dìde, Màmá," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ìyá mi ní ilẹ̀ náà dára, kò sóhun tó ṣe é. Ìyẹn ló tún wá dójú tì wá jù.

Pẹ̀lú aṣọ tó rin gbindin yẹn ni ọkọ mi lọ kanlẹ̀kùn bíríkìlà. Mo rò pé ìyẹn á fi í ṣẹ̀sín, kò ṣẹ̀sín. Wọ́n fọ́ ilẹ̀ náà, bíríkìlà sì jẹ́ kó rẹlẹ̀ síhà ihò. Ìlà aláwọ̀ ewé ò bá ara mu mọ́. Ọkọ mi rí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi wẹ̀, ó tètè jáde, etí ìró rẹ̀ gbẹ.

Mo rò pé ó ti tán. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ṣe wá kí wa, tí ìyá mi tún mú un lọ wo balùwẹ̀. "Àna mi ló tẹ́ ẹ fún mi," ló wí. "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ ẹ."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní pálọ̀.

"Rárá, Màmá," ọkọ mi wí láti ibi tó jókòó sí. "Bíríkìlà ló tẹ́ èyí. Èyí tí èmi tẹ́, orí orúnkún lẹ ti ń nù ún."

 Ìyá mi yọjú sí pálọ̀, ó wò ó títí, ó wá ní kí n lọ bu omi wá fún àlejò.